Íápíìsì tí kì í já bọ́ létí mi mọ́

Aránṣọ ni mí. Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù mi kò sì jìnnà sí Mókólá. Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tí mo bá ti ṣílẹ̀kùn títí ilẹ̀ á fi máa ṣú ni nǹkan máa ń wà létí mi: rédíò, wáàsí, àpàlà, ìròyìn, àti ohùn tí àwọn oníbàárà ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láti sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ọrùn aṣọ wọn rí. Iṣẹ́ ìránṣọ gba ojú, ó gba ọwọ́, ó gba ẹsẹ̀. Etí nìkan ló ṣẹ́ kù fún èmi fúnra mi. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ íápíìsì fi ká mi lára, tí mo sì fẹ́ sọ bí mo ṣe rí èyí tó bá mi mu lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tí mo ti ń rà tí mo ń pa tì.

KZ EDX Pro ni èyí tí mò ń lò báyìí, íápíìsì oníwáyà tí àwọn ará Ṣáínà ṣe. ₦14,000 ni mo rà á ní Queen Cinema, ó sì ti pé oṣù mẹ́jọ. Láti oṣù mẹ́jọ yìí, kò tíì já bọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí mo tẹ orí ba sídìí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá kàn ní kí ẹ lọ ra KZ, mi ò tíì ṣe yín lóore kankan, torí kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára ló mú un dúró. Rọ́bà tó wà lórí rẹ̀ ni, àti ọ̀nà tí wáyà rẹ̀ gbà kọjá lára etí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ gan-an nìyẹn.

Ẹ wo bí aránṣọ ṣe ń jókòó. Ẹ̀yìn á tẹ̀, ọrùn á nà síwájú, àgbọ̀n á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà, ojú á sì dojú kọ ilẹ̀. Ohunkóhun tí kò bá dì mọ́ wa lára dáadáa, ilẹ̀ ló ń lọ. Yẹtí tí ìkọ́ rẹ̀ bá tú, abẹ́ ẹ̀rọ la ti máa ń rí i. Ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì lè ki íápíìsì èyíkéyìí sétí kó sì dúró, torí ọrùn rẹ̀ dúró. Ti àwa tí à ń tẹríba ṣiṣẹ́ yàtọ̀: aránṣọ, onídìrí, mẹkáníìkì, ẹni tó ń fọṣọ. Bí wọ́n bá ní íápíìsì kan dára, ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé, ṣé ẹ tiẹ̀ tẹríba pẹ̀lú rẹ̀?

Èyí tó bá fóònù mi wá ni mo kọ́kọ́ ń lò, oníke líle tí kò ní rọ́bà kankan lórí. Irú rẹ̀ kì í wọnú ihò etí, ẹnu ihò ló ń sinmi sí, bí ìdérí ìkòkò tí wọ́n kàn gbé lé e. Etí ọ̀tún mi máa ń gbà á díẹ̀. Ti òsì, kì í pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí yóò fi bọ́. Èjìká ni mo fi ń tì í padà, torí ọwọ́ mi méjèèjì wà lára aṣọ.

Lọ́jọ́ kan, mò ń rán léèsì fún ìyá ìyàwó kan. Léèsì tó ní òkúta wẹ́wẹ́ lára ni, irú èyí tí a kì í fi abẹ́rẹ́ gbá ṣeré. Íápíìsì bọ́ létí òsì mi, wáyà rẹ̀ rọ̀ gba abẹ́ apá mi, ó sì lọ kọ́ wíìlì ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ oníná ni. Kí n tó gbé ẹsẹ̀ kúrò, wíìlì ti wé wáyà náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó fa ti ọ̀tún yọ létí mi, ó sì wọ́ fóònù láti orí tábìlì bọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ mi yẹ̀. Ìlà tó yẹ kó lọ tààrà yà gba orí òdòdó léèsì náà, ó tó ìka mẹ́rin. Mo fi rípà tú u fún wákàtí kan àti ààbọ̀, mò ń já òwú náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, torí léèsì kì í fẹ́ kí a fa òun. Nígbà tí mo tú u tán, ojú abẹ́rẹ́ ṣì hàn. Mo ní láti ṣí òkúta díẹ̀ lẹ́sẹ̀ aṣọ, kí n wá tò ó sórí ibẹ̀ kó lè bò. Mo pe oníbàárà mi, mo jẹ́wọ́ fún un, ó sì gbà á lọ́wọ́ mi. Síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀ títí ìnáwó yẹn fi kọjá.

Àwọn ọmọṣẹ́ mi ní kí n lọ ra aláìníwáyà. Mo rà á. Méjì kéékèèké nínú páálí tó ń cháàjì wọn, orúkọ tí mi ò gbọ́ rí ló wà lára rẹ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, pé kò sí ohun tí wíìlì yóò tún kọ́ mọ́. Rọ́bà wà lórí rẹ̀. Bí mo ṣe bá a ni mo ṣe fi sétí, mi ò sì tú ọ̀rá kékeré tó wà nísàlẹ̀ páálí. Rọ́bà ìwọ̀n méjì mìíràn wà nínú ọ̀rá yẹn, ọ̀kan kéré, ọ̀kan tóbi. Kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ṣe ẹ̀bùn, òun ni ìwọ̀n tó yẹ kí n mú. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti sọ ọ̀rá yẹn nù mọ́ páálí. Bí ó bá ṣì wà nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wá a.

Ìjàǹbá ti aláìníwáyà kò jọ ti oníwáyà. Híjáàbù ni mo máa ń wọ̀. Bí àkókò ìrun àyìlá bá tó tí mo fẹ́ ṣe àlùwàlá, bí mo ṣe ń bọ́ híjáàbù gba orí báyìí, aṣọ á gbá íápíìsì jáde. Nígbà kan, inú omi ló bọ́ sí. Mo nù ún, mo sá a, ó tún sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, apá òsì rẹ̀ bọ́ sínú àpò tí à ń kó àjákù aṣọ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ọmọṣẹ́ mi sì ti gbé àpò náà fún obìnrin tó ń fi àjákù ṣe pílò kí n tó mọ̀ pé etí mi ti ṣófo. A sáré lọ bá a, a tú àpò mẹ́ta sílẹ̀, a ò rí i. Ẹyọ kan ló kù, ẹyọ kan ọ̀hún sì rèé, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Ohun mìíràn tún wà tí kò sọ sí mi lọ́kàn kí n tó rà á. Rédíò inú fóònù mi kì í ṣiṣẹ́ láìsí wáyà. Wáyà íápíìsì yẹn ni fóònù ń lò bí ẹ̀ríàlì, bí kò bá sí i nínú ihò, fóònù á ní kí o kọ́kọ́ ki íápíìsì bọ̀ ọ́. Èmi tí mo máa ń gbọ́ Amúlùdùn 99.1 láti àárọ̀, mo wá ń fi dátà gbọ́ ohun tó ń bọ̀ lórí afẹ́fẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mo ti rí i nínú owó tí mò ń ná. Ẹni tó bá fẹ́ràn rédíò bí tèmi, kó rò ó dáadáa kó tó pa wáyà tì.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ẹ̀kẹta, èyí tó ń kọ́ ọrùn. Téèpù ìwọnṣọ ti wà lọ́rùn mi, híjáàbù wà lé e, ooru Ìbàdàn náà wà níbẹ̀. Mo fi ta ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́rẹ.

Báyìí ni mo ṣe dé Queen Cinema. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ ibẹ̀. Fóònù, kọ̀ǹpútà àti gbogbo ohun tó bá wọn rìn ni wọ́n ń tà níbẹ̀, ariwo ọjà sì máa ń pọ̀. Àwọn mẹ́ta tí mo kọ́kọ́ dúró lọ́dọ̀ wọn, kí n tó la ẹnu tán ni wọ́n ti na ọwọ́ sí èyí tó wọ́n jù lára ògiri. Ẹnì kẹrin jẹ́ ọmọkùnrin kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà méjì lọ. Mi ò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ láti dárúkọ rẹ̀, nítorí náà mi ò ní dárúkọ rẹ̀.

"Ẹ káàsán mà. Kí lẹ fẹ́ ká fún yín?"

"Íápíìsì tí kò ní máa já bọ́ ni mo fẹ́, ọmọ mi."

Kò nawọ́ sí ògiri. Ó wò mí létí, ó ní: "Mọ́mì, èwo ló máa ń kọ́kọ́ bọ́, tọ̀tún ni àbí tòsì?"

Ara mi sọ. Irú ìbéèrè tí èmi fúnra mi máa ń bi oníbàárà nìyẹn, bí ó bá ní bùbá ń yọ́ kúrò léjìká òun. Èjìká wo? Èjìká ọmọ èèyàn kì í sábà dọ́gba. Ẹni tó ti ń fi èjìká ọ̀tún gbé báàgì láti kékeré, ọ̀tún á rọ̀ ju òsì lọ. Bí aránṣọ bá wọn ẹyọ kan, tó fi gé méjèèjì, bùbá yẹn ò ní jókòó láéláé. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń wọn èjìká méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé etí náà lè rí bẹ́ẹ̀.

"Tòsì ni," mo dá a lóhùn.

"Ẹ̀hẹn. Ihò etí yín méjèèjì ò dọ́gba nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wò ó."

Ó gbé ike kan jáde tó kún fún rọ́bà, ó ti ya wọ́n sọ́tọ̀ bí mo ṣe ń ya bọ́tìnnì sọ́tọ̀ nínú páálí tèmi: kékeré, àárín, ńlá. Tuntun ló tú fún mi. Ó ní òun kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi rọ́bà tó ti wọ etí ẹlòmíràn dán etí rẹ̀ wò, kòkòrò àrùn lè ti ara rẹ̀ ràn. Mo bọ̀wọ̀ fún un torí ọ̀rọ̀ yìí nìkan.

Ohun tó ṣàlàyé fún mi rèé, mo sì ti fi etí ara mi dán an wò títí mo fi gbà. Rọ́bà tó kéré jù máa ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, tí èèyàn á rò pé ó ti bá òun mu. Ṣùgbọ́n kò kan ògiri ihò etí yíká, àlàfo wà, bí o bá mi orí díẹ̀ ó ti rọ̀. Rọ́bà tó tóbi jù kò lè kọjá ẹnu ihò. Etí fúnra rẹ̀ ló ń tì í jáde díẹ̀díẹ̀, ìwọ náà á máa tì í wọlé, títí ibẹ̀ á fi máa dunni. Ìwọ̀n àárín ló wà lórí gbogbo èyí tí mo ti ń rà. Ọ̀tún mi gba àárín. Òsì mi, kékeré ló gbà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń ti rọ́bà tó tóbi jù bọ etí òsì, tí mo rò pé etí mi ló burú.

Ó tún kọ́ mi bí a ṣe ń fi í sí i. Mo ti rò pé a kàn ń tì í wọlé ni. Ihò etí kì í ṣe ihò tó lọ tààrà, ó tẹ̀ kọ́rọ́ díẹ̀. Fi ọwọ́ òsì gba orí kọjá, di etí ọ̀tún mú lókè, fà á sókè kí o sì fà á sẹ́yìn díẹ̀, ọ̀nà á là. Ọwọ́ ọ̀tún á wá fi íápíìsì sí i, á sì yí i díẹ̀ bó ṣe ń wọlé. Bí o bá fi etí sílẹ̀, ẹran ara á padà mú rọ́bà náà. Ó dà bí ìgbà tí bọ́tìnnì bá wọ ihò rẹ̀ tán tí aṣọ padà tẹ́.

Lẹ́yìn náà ló ní kí n tan orin tí mo mọ̀ dáadáa lórí fóònù mi, kì í ṣe tirẹ̀. Àpàlà ni mo tàn. Láti ìgbà tí mo ti ń fi íápíìsì gbọ́ àpàlà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ohùn olórin ni mo máa ń gbọ́ jù, agídìgbo á kàn máa rọra dún lókèèrè. Mo rò pé bí wọ́n ṣe gba ohùn orin náà sílẹ̀ láyé àtijọ́ ni. Lọ́jọ́ yẹn, agídìgbo wọlé. Mo gbọ́ ìgbà tí ọwọ́ kan irin, mo gbọ́ ìgbà tí inú àpótí dáhùn, mo sì ń gbọ́ ọ lọ́rùn mi bíi pé ẹni tó ń ta á jókòó tì mí. Ọmọkùnrin yẹn wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó fa rọ́bà ọ̀tún jáde díẹ̀, kò ju ìlàjì èékánná lọ: agídìgbo lọ ní etí yẹn. Ó tì í padà: ó dé. Ó ní ohùn tó bá wà nísàlẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jò sá bí àlàfo bá wà, pé bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ pé íápíìsì òun kò ní báàsì, kó kọ́kọ́ yí rọ́bà padà kó tó bú ẹni tó ṣe é.

Nígbà tó kan wáyà, ó mú KZ yìí jáde. Wáyà ti èyí tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ máa ń já gba ìsàlẹ̀ etí lọ sílẹ̀ tààrà, bí yẹtí gígùn, ìwọ̀n ara rẹ̀ nìkan tó láti fa íápíìsì jáde. Ti èyí gba òkè. Ibi tó ti kúrò lára íápíìsì, wọ́n fi ike rírọ̀ bò ó, ó ká kọ́rọ́kọ́rọ́ bí ìkọ́, ó sì gba ẹ̀yìn etí bọ́ sí ọrùn. Bí nǹkan bá fa wáyà, ẹ̀yìn etí ló ń gba agbára rẹ̀, kì í dé inú ihò. Íápíìsì náà fúnra rẹ̀ rí rógódó, ó gún sínú kòtò etí, kò yọ síta. Mo lè fi orí lé pílò. Bí mo bá bọ́ híjáàbù, aṣọ á kàn rọra kọjá lórí rẹ̀. Ó tún dín ariwo kan kù tí mo ti rò pé gbogbo oníwáyà ló ní in, gbọ̀ngbọ̀n tí a máa ń gbọ́ bí wáyà bá ń ha aṣọ.

Ó ní kí n tẹríba bí ẹni ń ránṣọ. Mo tẹríba láàárín Queen Cinema. Ó ní kí n mi orí. Ó ní kí n máa jẹnu bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Mo bi í pé kí ni jíjẹnu kàn nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó ní kí n ki ìka kékeré sétí kí n sì la ẹnu. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe é níbi tí ẹ wà. Ṣé ẹ gbọ́ bí ògiri ihò etí ṣe ń sún? Egungun àgbọ̀n wà nítòsí ibẹ̀, bí a bá ti ń sọ̀rọ̀ tàbí tí à ń jẹun, ihò náà ń fẹ̀, ó ń fún. Èmi tí mo máa ń fi ètè mú pín-ìnnì, tí mò ń bá ọmọṣẹ́ sọ̀rọ̀ láàárín eyín, kò yà mí lẹ́nu mọ́ pé nǹkan ń bọ́. KZ náà rọ̀ díẹ̀ bí mo ṣe ń jẹnu, kò bọ́.

Mo tún ra fóòmù tí a fi ń rọ́pò rọ́bà lórí íápíìsì lọ́wọ́ rẹ̀, ₦3,000, kí n lè mọ èyí tó sàn jù. Fóòmù yìí, ìka méjì la fi ń rún un kó kéré, a ó tètè ki í bọ etí, a ó fi ìka dì í mú fún bí ìṣẹ́jú àáyá ogún sí ọgbọ̀n títí yóò fi wú padà kó kún ihò. Ó mú etí ju rọ́bà lọ, ó sì dí ariwo jẹnẹrétọ̀ ju rọ́bà lọ. Mo lò ó fún oṣù kan. Ohun tó jẹ́ kí n padà sórí rọ́bà ni pé mo máa ń yọ íápíìsì tó ìgbà ogún lóòjọ́ bí oníbàárà bá ti wọlé, rírún àti dídúró yẹn wá ń gba àkókò. Ó tún ń mú ooru, ó ń mu òógùn, a ò sì lè fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ bí rọ́bà. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó tí yóò fi sétí lẹ́ẹ̀kan títí dé Bẹ́gà, fóòmù ni kó lò. Ẹni tí rọ́bà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá mu náà, kó lọ gbìyànjú rẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin wà ní Manchester, AirPods Pro, íápíìsì aláìníwáyà ti Apple, lòun ń lò. Mo sọ ìtàn ọ̀tún àti òsì yìí fún un lórí fóònù, ó ní fóònù òun ní ibì kan tó ń dán rọ́bà wò, á ta orin díẹ̀ sí etí, á sì sọ bóyá ó dí tàbí kò dí, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún etí méjèèjì. Ó dán an wò lójú ẹsẹ̀. Etí òsì tirẹ̀ náà kò dí. Ọmọ ìyá ni wá lóòótọ́. AirPods tí Apple kọ́kọ́ gbé jáde ní 2016 kò ní rọ́bà rárá, ìwọ̀n kan ni wọ́n ṣe fún gbogbo ayé. Nígbà tí wọ́n gbé Pro jáde ní 2019, wọ́n fi rọ́bà ìwọ̀n mẹ́ta sí i, nígbà tó sì di 2022, wọ́n fi ìkẹrin tó kéré jù kún un. Lójú aránṣọ, ìyẹn ni ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú téèpù jáde.

Ohun tí mi ò retí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni bí mo ṣe dín ohùn kù. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá mú iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ tiwa àti ti onídìrí ẹ̀gbẹ́ wa bá ń ké pọ̀, ohùn fóònù mi máa ń wà ní 14 nínú 15. Báyìí, mo fi í sí 6, mo sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, torí rọ́bà ti dí ariwo ìta. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní àgbàlagbà lè gbọ́ ohùn tó jẹ́ 80 lórí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, òṣùwọ̀n ariwo, fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ láìséwu, bí ó bá di 90, wákàtí 4 péré ni. Èmi ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà, wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án lójúmọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀. Bí ohùn ṣe ń kù yẹn náà ni mo ṣe wá ń yọ ọ́ pátápátá láti ìrun àyìlá títí di àlàásárì, kí etí lè sinmi. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò gbọ́ràn dáadáa mọ́ báyìí, ẹ̀rọ oníná ńlá méjì ló sì fi ọgbọ̀n ọdún jókòó láàárín wọn. Mi ò lè sọ pé ẹ̀rọ ló fà á, ṣùgbọ́n mò ń rántí rẹ̀.

Dídí náà ní ìṣòro tirẹ̀. Bí o bá ń sọ̀rọ̀ nígbà tí méjèèjì wà létí, ohùn tìrẹ á máa dún nínú orí rẹ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sínú ìkòkò. Mo máa ń pariwo mọ́ oníbàárà láìmọ̀, títí ọ̀kan fi bi mí bóyá inú ń bí mi. Láti ìgbà náà, bí ojú bá ti kan ojú, mo ń yọ méjèèjì. Lójú títì ńkọ́? Ẹ má ki í bọ etí lójú títì. Ọkadà Mókólá kì í fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tó ń lo awò bíi tèmi yóò rí i pé ẹsẹ̀ awò àti ìkọ́ wáyà ń jọ du òkè etí. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ibẹ̀ pọ́n, ó sì ń ta mí. Mo wá rí i pé bí mo bá kọ́kọ́ fi íápíìsì sí i, kí n tó wá gbé awò lé e, wáyà á wà nísàlẹ̀, awò á wà lókè, wọn ò ní máa ha ara wọn. Ó gba sùúrù láàárọ̀: íápíìsì, awò, híjáàbù, téèpù, bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn nìyẹn. Ẹni tí kò bá ní sùúrù ìṣẹ́jú kan, ìkọ́ yìí lè sú u.

Ní oṣù kẹfà tí mo ti ń lo KZ yìí, sáásì mi gé wáyà rẹ̀. Mò ń gé ìgbànú ìró, wáyà wà lábẹ́ aṣọ, mi ò rí i. Bí ó bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ni, ó parí nìyẹn. Ti KZ yìí, wáyà ń yọ lára íápíìsì, ẹsẹ̀ irin kéékèèké méjì ló fi ń wọlé. Mo padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin yẹn, mo ra wáyà nìkan, ₦4,500, mo yọ ti tẹ́lẹ̀, mo fi tuntun sí i níwájú rẹ̀. Aránṣọ, onídìrí, ẹni tó ń fi ọ̀bẹ àti sáásì ṣiṣẹ́, ẹ wo èyí kí ẹ tó wo ohunkóhun: ṣé wáyà rẹ̀ ń yọ? Láti ọjọ́ náà, abẹ́ híjáàbù ni mo ń gbé e gbà, ó ń gba ẹ̀yìn jáde, ó sì ń wọ àpò ẹ̀gbẹ́ aṣọ iṣẹ́ mi. Kò dé iwájú tí sáásì àti wíìlì wà mọ́.

Ní alẹ́ Sátidé ni mo máa ń fọ̀ ọ́. Mo ń yọ rọ́bà kúrò lórí rẹ̀, mo ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ rọ́bà nìkan, mo ń jẹ́ kó gbẹ dé àárọ̀. Nẹ́ẹ̀tì kékeré tó wà lẹ́nu íápíìsì, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbígbẹ ni mo fi ń gbá a, mo ń dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ìdọ̀tí etí má baà wọlé sí i. Torí pé rọ́bà ọ̀tún àti ti òsì mi kò dọ́gba, mo so òwú pupa tínrín mọ́ wáyà òsì. Lẹ́tà L wà lára rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà yẹn kéré fún ojú mi bí iná kò bá sí.

Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò bá ní ihò íápíìsì mọ́, á ní láti ra wáyà kúkúrú tó ń sọ ọ́ di Type-C, ẹnu tó ń wọ ihò cháàjì. Ẹ ṣírò owó ìyẹn mọ́ ọn. Ẹni tó ń sáré láàárọ̀ tàbí tó ń ṣe eré ìdárayá, tí kò fẹ́ wáyà, kó wá aláìníwáyà tó ní ìkọ́ ẹ̀yìn etí, kó sì wo ara páálí bóyá wọ́n kọ IPX4 sí i, àmì pé omi tó ta sí i kò ní bà á jẹ́, torí òógùn.

Bí ẹ bá máa lọ sí Queen Cinema, ẹ lọ kí ọ̀sán tó pọ́n, kí ẹni tó ń tà lè ráyè fún yín. Ẹ mú fóònù tiyín dání àti orin tí ẹ mọ gbogbo ìlù inú rẹ̀. Ẹ bèèrè rọ́bà tuntun, ẹ dán etí ọ̀tún wò lọ́tọ̀, ẹ dán ti òsì wò lọ́tọ̀. Kí ẹ sì tẹríba dáadáa, kí ẹ mi orí, kí ẹ jẹnu, kí ẹ tó mú owó jáde.